Agogo Ìkéde Lórí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí kí a fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti gbogbo ìlú, ẹnu nìkan kò tó. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi ní akéde. Bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ará ìlú sọ, akéde a gbé agogo, a lù ú kiri àdúgbò, a sì jẹ́ iṣẹ́ tí ọba rán an. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi iṣẹ́ akéde ṣe àpẹẹrẹ láti ṣàlàyé bí ìkéde ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, àti ohun tí ó pa irú agogo bẹ́ẹ̀ kan lẹ́nu mọ́.

Agogo àti odi ìlú

Àwọn kọ̀ǹpútà tí a fi wáyà so pọ̀ ní ọ́fíìsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àmì 48 ni ó wà nínú nọ́ńbà náà. 0 tàbí 1 sì ni àmì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí a bá rán lórí wáyà a máa ru nọ́ńbà ẹni tí a rán an sí. Kọ̀ǹpútà tí kì í bá ṣe òun ni ó ni nọ́ńbà náà kò ní dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn: èyí tí àmì 48 rẹ̀ jẹ́ 1 látòkèdélẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ru nọ́ńbà yìí, switch, ẹ̀rọ tí ó so àwọn wáyà pọ̀, yóò pín in kárí, gbogbo kọ̀ǹpútà yóò sì gbà á. Lílu agogo nìyí.

Router, ẹ̀rọ tí ó wà ní ààlà ọ́fíìsì, kì í sábà jẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Òun ni odi ìlú.

Láti etí dé ojú

Kí iṣẹ́ dé inú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí kí òṣìṣẹ́ rí i. Ètò kan gbọ́dọ̀ wà lójúfò tí yóò gbé e síwájú rẹ̀. Nínú Windows NT tí Microsoft gbé jáde ní 1993, Messenger ni orúkọ ètò náà. Alábòójútó a tẹ "net send *", a sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, bí àpẹẹrẹ: "Ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín, a ó pa ẹ̀rọ ní aago mẹ́rin." Kíá, àpótí kékeré kan a yọ lójú kọ̀ǹpútà wọn. Ẹni tí ó ti pa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dà bí ẹni tí ó wà lóko nígbà tí agogo ń dún. Iṣẹ́ náà kò ní dúró dè é.

Ta ni ó rán akéde?

Unix náà ní agogo tirẹ̀ tí a ń pè ní "wall", tí ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí ó wà lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹni tí ó bá tẹ "mesg n" ti di etí sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde alábòójútó àgbà yóò ṣì wọlé. Unix mọ akéde ọba yàtọ̀.

Messenger kò mọ̀ ọ́n. Ní 2002 àti 2003, àwọn onípolówó bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí íntánẹ́ẹ̀tì rán iṣẹ́ sí i. Wọn kò lu agogo rárá. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kọkànlá 2003, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí òwò, gbé ilé-iṣẹ́ kan lọ sí kóòtù. Ọjà tí wọ́n ń fi àpótí náà polówó ni ètò tí yóò dá irú àpótí bẹ́ẹ̀ dúró! Oṣù kan ṣáájú, Microsoft ti kéde pé àléébù wà lára Messenger tí àjèjì lè gbà gba àkóso kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹjọ 2004, Service Pack 2 ti Windows XP pa á. Nígbà tí Vista dé, kò sí Messenger nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé agogo náà kò fọ́. Ìgbàgbọ́ ni ó tán. Kì í ṣe ìró agogo ni ó ń mú ará ìlú dúró gbọ́, bí kò ṣe pé wọ́n mọ ẹni tí ó rán akéde. Ọ́fíìsì tí ó bá fẹ́ ṣètò ìkéde, kí ó kọ́kọ́ pinnu ẹni tí yóò máa lu agogo. Ẹni tí a bá fi ìkéde asán yọ lẹ́nu títí, bí iná bá ń jó ilé lóòótọ́, yóò pa àpótí náà dé láìkà á.