Ẹ̀kọ́ Fún Ẹ̀yin Ìyá Ọlọ́jà: Kọ̀ǹpútà Tó Ń Falẹ̀, Tí Hard Disk Rẹ̀ Kì Í Sinmi

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ẹni pé kò kan ẹni tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Ó kàn yín. Púpọ̀ nínú yín ló ti ní kọ̀ǹpútà nílé báyìí, èyí tí ọmọ rà nígbà tó wà ní pólì, tó fi sílẹ̀ nígbà tó ríṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ wá ń fi í kọ orúkọ àwọn tó ń dá àjọ, iye tí kálukú ti dá, àti àwọn tó jẹ yín lówó ọjà. Ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí jù ni pé: "Màmá Akọ̀wé, kọ̀ǹpútà mi ń falẹ̀ bí ìgbín. Tí mo bá ti tàn án, iná kékeré ara rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, inú rẹ̀ á máa kùn, kò ní dákẹ́ títí n ó fi pa á. Ṣé kí n tà á ni?"

Ẹ má tíì tà á. Ẹ má sì tíì gbé e fún ẹni tó máa ní òun fẹ́ fọ́máàtì rẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ da ìwé àjọ inú rẹ̀ kọ sórí fíláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà tí kò sinmi lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, ó sì lè jẹ́ pé ó ń kú lọ. Ẹni tó dúró lóde ò lè fi ojú lásán mọ èwo ni. Bó bá kú tán, tí owó àádọ́ta èèyàn wà nínú ìwé ọ̀hún, ta ló máa sọ iye tí oníkálukú ti dá?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀.

Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù sí. Ọ̀kan ni mẹ́mọ̀rì, tí àwọn ọmọ ń pè ní RAM. Ìkejì ni hard disk. Ẹ fi wé ìsọ̀ yín. Mẹ́mọ̀rì ni àtẹ tó wà níwájú yín: ọwọ́ yín tó gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, oníbàárà béèrè, ẹ mú un fún un. Ṣùgbọ́n àtẹ ò gba púpọ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹ ó palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Hard disk ni sítóò ẹ̀yìn. Ó gba àpò lórí àpò, ẹrù ń sùn síbẹ̀, àmọ́ ó jìnnà.

Bí àtẹ bá wá kéré, tí oníbàárà mẹ́fà dé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ẹ ó gbé ata gígún kúrò kí gààrí lè ráyè. Ẹ ó sáré lọ sí sítóò, ẹ ó sáré padà. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó fẹ́ ata á fi pè, ẹ ó tún gbé gààrí kúrò, ẹ ó tún sáré lọ. Òógùn ń bọ̀, ẹsẹ̀ ń ro yín, ọjà ò sì yá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ̀rì rẹ̀ kéré ń ṣe. Ohun tí kò ráyè lórí àtẹ, á gbé e lọ sórí hard disk, á tún gbé e bọ̀. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, eré tó ń sá ni.

Eré yẹn sì jìn lóòótọ́. Hard disk tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní àwo pẹlẹbẹ tó ń yí bí àwo giramafóònù, apá tín-ín-rín kan sì ń lọ ń bọ̀ lórí ẹ̀ láti wá ẹrù. Àwo náà ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ IBM ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1956. Àwo 50 ló wà nínú tìgbà náà, ó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, síbẹ̀ gbogbo ohun tó lè gbà kò ju fọ́tò kan tàbí méjì tí fóònù ń yà lónìí. Ti òde òní kéré, ó sì gba ẹrù rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n apá yẹn ṣì ní láti rìn kó tó débi tí ẹrù wà. Mẹ́mọ̀rì kì í rìn ní tiẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá àtẹ ló kéré? Ẹ tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀: Ctrl, Shift àti Esc. Ohun kan tó ń jẹ́ Task Manager á yọ. Bó bá yọ ní kékeré, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ More details sí nísàlẹ̀. Ẹ ó wá rí CPU, Memory àti Disk lókè, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Disk bá dúró lórí 100% tí kò sọ̀ kalẹ̀, tí Memory náà wà ní 85 tàbí 90, àtẹ ló kéré. Bí Disk bá wà ní 100% ṣùgbọ́n tí Memory wà nísàlẹ̀, bí 40, nǹkan mìíràn ni. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ Disk yẹn, orúkọ ohun tó ń dà á láàmú á gòkè wá.

Fún àtẹ tó kéré, ẹ ti àwọn ohun tí ẹ ò lò pa. Àwọn kan á ṣí ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n ń wò! Nínú Task Manager kan náà, ibì kan wà tó ń jẹ́ Startup. Àwọn tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò nílò, ẹ tẹ Disable. Tí kò bá tíì tó, ẹ fi mẹ́mọ̀rì kún un. Microsoft fúnra wọn ní 4GB ló kéré jù fún Windows 11 tí wọ́n gbé jáde ní 2021. Lójú tèmi, 4 yẹn wà kó ṣáà lè dìde ni. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá ká a, kó sọ ọ́ di 8. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá tiyín ṣe é fi kún, torí laptop mìíràn wà tí wọ́n ti lẹ mẹ́mọ̀rì rẹ̀ mọ́ ọn pátápátá.

Èyí tó kàn wá jù níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ iná. Windows ní iṣẹ́ ilé tó máa ń ṣe fúnra ẹ̀: á gba àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, á wá kòkòrò kiri inú ẹrù, á to orúkọ gbogbo ìwé yín jọ kó lè tètè rí wọn. Níbi tí iná kì í lọ, ìgbà téèyàn kò lò ó ló ń ṣe èyí. Tiwa ńkọ́? Ẹ tàn án fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló fẹ́ ṣe láàrin wákàtí méjì yẹn, ẹ̀yin náà sì fẹ́ kọ ìwé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá jókòó tì í lẹ máa ń bá a lẹ́nu ìgbálẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí iná bá dúró, ẹ tàn án, kí ẹ má lò ó rárá, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má dé e lórí o, bí ẹ bá dé e, sísùn ló máa sùn. Tó bá dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, a ti rí ìdí ẹ̀ nìyẹn, ẹ ò sì ná kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń fi dátà fóònù lò ó ní láti ṣọ́ra, torí àtúnṣe wọ̀nyẹn ń jẹ dátà bí eṣú. Ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10, nítorí náà ẹni tó bá ṣì ń lò ó, kó máa yẹ fíláàṣì tó ti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà dé wò dáadáa fún kòkòrò kó tó ṣí i.

Ẹ tún wo bóyá sítóò ti kún. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló ń kún un jù. Ẹ kó wọn kúrò, kí àyè tó pọ̀ díẹ̀ lè wà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ikú. Ariwo iṣẹ́ a máa rọra kùn, bí ẹ̀rọ ata tó wà lókèèrè. Èyí tó yẹ kí ẹ̀rù bà yín ni tọ́, tọ́, tọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, á dákẹ́, á tún kàn án. Ìwé tó ṣí lánàá kò ní ṣí lónìí. Gbogbo ẹ̀ á dì gbọ̀ọ́n fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Nínú Task Manager, Disk á wà ní 100%, ṣùgbọ́n iye iṣẹ́ tó ń ṣe á kéré jọjọ, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó lọ sí sítóò láàárọ̀ tí kò tíì bọ̀ lọ́sàn-án. Ètò kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, CrystalDiskInfo lorúkọ ẹ̀. Á sọ fún yín bóyá hard disk yín jẹ́ Good, Caution tàbí Bad. Tó bá ní Caution, ẹ da ìwé yín kọ lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá ní Bad, ìwé àjọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, kí fídíò dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lórí ẹ̀ kí ẹ tó gbé ìwé yín kúrò, torí iṣẹ́ àtúnṣe náà lè jẹ́ ohun tó máa pa á.

Èyí tó kú, tàbí èyí tó kàn lọ́ra ṣáá, wọ́n lè fi SSD rọ́pò ẹ̀. Ìyẹn ò ní àwo, kò ní apá tó ń rìn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi sí á yá débi pé ẹ ó rò pé tuntun ni. Àmọ́ òun náà ń kú, kì í sì í pariwo kó tó kú, nítorí náà iṣẹ́ fíláàṣì méjì ò tíì parí.

Ẹni tó bá wá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ dípò àtúnṣe, kó gbọ́ èyí. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá ṣe ìwádìí ní Èkó. Nǹkan bí 500 kọ̀ńténà lóṣù kan ni wọ́n ní ó ń wọlé, nǹkan bí 800 kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ṣírò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣòwò ní Computer Village, Ìkẹjà, fúnra wọn sọ fún wọn pé nínú mẹ́rin, mẹ́ta lè jẹ́ èyí tí kò ṣe é tún ṣe, tí kò ṣe é tà. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹ tàn, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí inú ẹ̀.

Àwọn kan náà ra hard disk àlòkù ní Èkó, wọ́n yẹ inú wọn wò, wọ́n sì bá ìwé àṣírí àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá pààrọ̀ hard disk yín, ẹ gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kì báà ti kú. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù wọn àti owó wọn ló wà nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ yẹ tiẹ̀ wò, kó gbé e wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, pẹ̀lú wáyà ẹ̀ àti fíláàṣì méjì tí kò sí nǹkan nínú wọn. Ẹ tètè dé o, kí iná má baà lọ mọ́ wa lọ́wọ́.