ṢÍRỌ́Ọ̀PÙ ÈSO ÀTI ỌTÍ ẸLẸ́RÌNDÒDÒ ONÍMÍLÍÌKÌ
Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Àgbẹ̀ àti Àwọn Olùrà Irè Oko

Ọ̀rọ̀ kòkó àti kọfí ni a sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ èso ni a fẹ́ sọ, nítorí pé èso kò ní sùúrù bíi kòkó. Bí a bá sá kòkó gbẹ dáadáa, tí a sì dì í sínú àpò, ó lè dúró de ọlọ́jà fún oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó pọ́n lónìí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá jẹ ẹ́, kí a tà á, tàbí kí a fi ṣe nǹkan mìíràn, yóò rà mọ́ wa lọ́wọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi òwò kan ṣe àpẹẹrẹ. Nombakélé jẹ́ àdúgbò kan nínú ìlú Libreville, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Gabon. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti Nàìjíríà àti Benin wá wà lára àwọn tí ń ṣòwò ní ìlú náà. Ká ní olùrà kan ní Nombakélé gba ọ̀nà Ntoum àti Kango jáde, tí ó ra 100 ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ó sì kó wọn wọ ìlú. Ó ta 70 nínú wọn. 30 tí ó kù ti fara gbọgbẹ́ nínú ọkọ̀, èèpo wọn ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ rà wọ́n. Nígbà tí olùrà bá padà dé oko, yóò ní òun kò lè san iye tí òun san tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ yóò rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Báyìí ni ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjì tí ó yẹ kí wọ́n jọ jèrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó fa ìjà náà kò ju èso 30 lọ, tí inú wọn ṣì dára.

Ẹ̀kọ́ yìí yóò fi hàn bí a ṣe lè sọ irú èso bẹ́ẹ̀ di ṣírọ́ọ̀pù, èyíinì ni omi èso tí a fi ṣúgà sè títí ó fi ki, àti bí a ṣe lè fi ṣírọ́ọ̀pù náà po ọtí ẹlẹ́rìndòdò onímílíìkì nínú ilé.

1. OHUN TÍ Ọ̀TÍ NÁÀ JẸ́

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: ṣírọ́ọ̀pù èso, omi onígáàsì, àti ọ̀rá mílíìkì tàbí mílíìkì inú agolo. Kò sí ọtí líle nínú rẹ̀ rárá. Ọmọdé lè mu ún, àgbà sì lè mu ún.

Gáàsì tí ń hó nínú omi yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òun náà ni ó ń mú kí ẹmu tuntun máa hó nínú akèrègbè. Ní ọdún 1767, ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Priestley gbé omi sí òkè agbada tí wọ́n ti ń pọn ọtí, ó sì rí i pé gáàsì tí ń jáde níbẹ̀ wọ inú omi náà, ó sì mú kí ó ta lẹ́nu. Ní ọdún 1783, Jacob Schweppe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú omi bẹ́ẹ̀ fún títà ní ìlú Geneva.

Ní ọdún 1925, Rinaldo àti Ezilda Torre, tọkọtaya kan tí ó ti ilẹ̀ Ítálì wá, bẹ̀rẹ̀ sí í se ṣírọ́ọ̀pù ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà. Omi onígáàsì ni àwọn ènìyàn ń bù lé e. Ẹ kíyè sí i pé ṣírọ́ọ̀pù inú ìgò ni ọjà tí wọ́n ń tà, nítorí òun ni ó lè dúró, tí ó sì lè rìnrìn àjò. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa: adùn wà nínú ife, ṣùgbọ́n inú ìgò ṣírọ́ọ̀pù ni èrè wà.

2. YÍYAN ÈSO

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ta kòkó mọ ohun tí a ń pè ní ìpele kìíní àti ìpele kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sí èso:

(a) Ìpele kìíní ni èso tí ara rẹ̀ dán. Ẹ tà á bí ó ti wà.
(b) Ìpele kejì ni èyí tí ó gbọgbẹ́ léèpo, tàbí tí ó kéré, tàbí tí ó wọ́, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì dára. Èyí ni ti ṣírọ́ọ̀pù.
(d) Èyí tí ó ti rà, tí ó ti hu olú, tàbí tí ó ń rùn bí ọtí kíkan, ilẹ̀ ni kí ẹ dà á sí. Iná kò lè sọ èso jíjẹrà di èso rere.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, máńgòrò, gúrọ́fà àti ọsàn ni wọ́n dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ìbẹ́pẹ náà dùn, ṣùgbọ́n kò kan, ohun tí kò bá sì kan kì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Bí ẹ bá fi ìbẹ́pẹ ṣe ṣírọ́ọ̀pù, ẹ fi í sínú ẹ̀rọ amómitutù, kí ẹ sì lò ó tán láàárín ọjọ́ méjì.

3. SÍSE ṢÍRỌ́Ọ̀PÙ

Ẹ fọ èso náà mọ́ tónítóní kí ẹ tó bẹ ẹ́, nítorí pé ọ̀bẹ máa ń gbé ìdọ̀tí èèpo wọ inú. Ẹ gé gbogbo ibi tí ó dúdú kúrò. Ẹ gún un tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi asẹ́ tàbí aṣọ funfun tí a ti sè sẹ́ ẹ. Ẹ wọn omi tí ó bá jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ṣírọ́ọ̀pù náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ sì ní ẹ̀rọ amómitutù, ẹ fi ṣúgà kílò 1 sí omi èso lítà 1. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ṣúgà kílò 1 àti ààbọ̀ sí lítà 1. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni a ṣe fi ṣúgà púpọ̀ sí i. Ṣúgà a máa fa omi mọ́ra. Bí ó bá ti tó bíi ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ṣírọ́ọ̀pù, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń ba oúnjẹ jẹ́ kò ní rí omi tí wọn yóò fi wà láàyè. Ẹni tí ó bá ń ṣún ṣúgà lò níbi tí ó yẹ kí ó ti fi púpọ̀ sí i ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìbàjẹ́ ni.

Ìkòkò tánńganran tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Ẹ gbé e ka iná tí kò le jù, kí ẹ máa rò ó títí ṣúgà yóò fi yọ́ tán. Nígbà tí ó bá hó, ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì máa gbọ́n ìfófòó orí rẹ̀ dànù.

Ṣáájú èyí, kí ẹ ti se àwọn ìgò àti ìdérí wọn nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10. Ìgò náà gbọ́dọ̀ gbóná nígbà tí ẹ ó bá da ṣírọ́ọ̀pù gbígbóná sí i. Bí ó bá tutù, yóò sán. Ẹ fi àrọ tí ó mọ́ dà á, ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú 3 kí ooru lè dé ara ìdérí. Ẹ kọ orúkọ èso àti ọjọ́ tí ẹ sè é sára ìgò kọ̀ọ̀kan.

4. ÌDÍ TÍ MÍLÍÌKÌ FI Ń DÌ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Èmi tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí pàápàá kọsẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní tí mo dán an wò, níwájú àwọn àlejò mi, mo bu mílíìkì sínú ife, mo sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Kíá ni mílíìkì dì wẹ́wẹ́, tí omi rẹ̀ yà sọ́tọ̀. Àwọn àlejò mi wo ife, wọ́n wò mí, wọ́n sì ní òùngbẹ kò gbẹ àwọn mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju ohun tí àwọn obìnrin Fúlàní tí ń ta wàrà ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lọ. Wọ́n a máa fi oje ewé bọ̀mùbọ̀mù sí mílíìkì kí ó lè dì. Ọ̀nà méjì ni èso náà lè gbà ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní ni kíkan rẹ̀: bí mílíìkì bá kan dé ìwọ̀n kan, ohun aṣaralóore inú rẹ̀ yóò so pọ̀, yóò sì dì. Èkejì ni agbára kan tí ó wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù àti nínú ìbẹ́pẹ, èyí tí ń gé ohun aṣaralóore sí wẹ́wẹ́. Agbára yìí ni àwọn ìyá wa ń lò nígbà tí wọ́n bá fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n se ẹran líle kí ó lè rọ̀. Bí a bá po omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù mọ́ mílíìkì, tí a sì gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò dì, yóò sì korò.

Híhó lórí iná a máa pa agbára kejì yìí. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a kò sè po mílíìkì láé. Ṣùgbọ́n iná kò lè mú kíkan èso kúrò. Ọgbọ́n ni a fi ń ṣẹ́gun ìyẹn, ọgbọ́n náà kò sì ju kí a mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú àti èyí tí ó yẹ kí ó kẹ́yìn lọ.

5. BÍ A ṢE Ń PO Ó

Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ tutù nini, nítorí pé omi tútù ni ó ń di gáàsì mú, tí kíkan kì í sì í tètè mú mílíìkì dì nínú òtútù. Fún ife kan:

(1) Ẹ kó yìnyín sínú ife dé ìdajì.
(2) Ẹ bu ṣíbí ìjẹun méjì ṣírọ́ọ̀pù sí i, èyí tí ó jẹ́ bíi ìwọ̀n mìlílítà 30.
(3) Ẹ rọra da omi onígáàsì tútù sí i, bíi mìlílítà 200, ní ẹ̀gbẹ́ ife, kí gáàsì má baà sá lọ. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
(4) Níkẹyìn, ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan ọ̀rá mílíìkì tàbí mílíìkì inú agolo sí orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣàn sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìkùukùu.
(5) Ẹ gbé e fún ẹni tí yóò mu ún lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rá mílíìkì kì í tètè dì bíi mílíìkì lásán, nítorí pé ọ̀rá ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣírọ́ọ̀pù máńgòrò bá mílíìkì rẹ́ dáadáa. Ti ọsàn àti ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lè bá a rẹ́ bí ó bá jẹ́ díẹ̀, tí a sì mu ún kíá. Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ mu ún láìsí mílíìkì.

6. ÌKÌLỌ̀

Ẹ má ṣe po ọtí náà pẹ̀lú mílíìkì sínú ìgò kí ẹ tó gbé e lọ sí ọjà. Yóò dì, yóò sì bàjẹ́ nínú oòrùn. Ẹ gbé ṣírọ́ọ̀pù lọ, kí ẹ pò ó níwájú oníbàárà.

Ẹ má ṣe fi ìwúkàrà sínú omi èso, kí ẹ dé e pinpin sínú ìgò nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó ní gáàsì. Gáàsì yóò máa pọ̀ sí i títí ìgò yóò fi bú, àfọ́kù rẹ̀ sì lè fọ́ ènìyàn lójú. Ẹ ra omi onígáàsì tí a ti dé láti ilé iṣẹ́.

Omi tí ẹ fi ṣe yìnyín gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tí ó ṣeé mu. Òtútù kì í pa kòkòrò àìsàn. Ńṣe ni ó kàn ń mú kí ó sùn. Bí ṣírọ́ọ̀pù bá sì hu olú, tàbí tí ó ń hó fúnra rẹ̀ nínú ìgò, ẹ dà á nù.

7. ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ olùrà wa ní Nombakélé, pẹ̀lú èso 30 rẹ̀. Bí èso kọ̀ọ̀kan bá mú ìdajì lítà omi jáde, yóò ní lítà 15. Bí ó bá fi ṣúgà kílò 15 sí i, yóò rí bíi lítà 22 ṣírọ́ọ̀pù. Bí ife kan bá ń gba mìlílítà 30, ṣírọ́ọ̀pù náà yóò tó fún ife tí ó lé ní 700. Kí ó wá yọ owó ṣúgà, ìgò, iná, omi onígáàsì, mílíìkì àti yìnyín kúrò, kí ó tó pe èyí tí ó kù ní èrè. Ìwọ̀n èso kò dọ́gba. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ fi èso mẹ́ta dán an wò, kí ó sì kọ iye omi tí ó rí sílẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣe ni kí wọ́n fi ẹnu kò ní oko, kí èso tó wọ ọkọ̀, lórí iye tí a ó máa san fún ìpele kìíní, àti iye tí a ó máa san fún ìpele kejì. Nígbà náà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó wọ́ yóò ní iye tirẹ̀, àgbẹ̀ kò ní gbé e pamọ́ sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, olùrà kò sì ní rí i bí ẹ̀tàn. Ohun tí a bá ti dárúkọ iye rẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀYẸ̀WÒ

1. Irú èso wo ni a ń pè ní ìpele kejì, kí sì ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èso jíjẹrà?
2. Kí ni ìdí tí a fi ń fi ṣúgà tí ó pọ̀ sí ṣírọ́ọ̀pù tí a fẹ́ kí ó pẹ́?
3. Ọ̀nà méjì wo ni èso lè gbà mú mílíìkì dì? Èwo nínú wọn ni iná lè ṣẹ́gun?
4. Èé ṣe tí mílíìkì fi gbọ́dọ̀ kẹ́yìn nínú ife?

Kí ẹni tí ó mọ̀wé kà kà á sí etí ẹni tí kò mọ̀wé kà, kí wọ́n sì jọ dáhùn àwọn ìbéèrè náà.