Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ náà "Sọ́rì"



Bí ọmọdé bá fẹsẹ̀ kọ ní ojú ọ̀nà Dàda Estate wa yìí, kí ó tó dìde, ẹni mẹ́ta yóò ti wí fún un pé, "Sọ́rì o!" Ìyá alákàrà yóò wí i, ọlọ́kadà tí ń kọjá lọ yóò wí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tì í ṣubú. Ní ọjọ́ kan náà, ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò san án, àti ẹni tí ó tú àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn náà yóò wí pé, "Sọ́rì." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń rán an kì í ṣe ọ̀kan. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọ̀pọ̀ ìjà inú ilé ni kì í tán nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀bẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọ̀ràn náà ń fẹ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ín. Láti inú ọ̀rọ̀ wọn àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí ìrora tàbí egbò ni ó ti wá. Nítorí náà, ní ìgbà láéláé, ẹni tí ó wí pé òun "sorry" ń wí pé nǹkan ń dun òun ni. Ọ̀pọ̀ rò pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti "sorrow", tí í ṣe ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n orírun wọn yàtọ̀. Lónìí ó ń ṣe iṣẹ́ pàtàkì méjì lẹ́nu wọn: ó ń bá ẹni tí ọ̀ràn dé bá kẹ́dùn, ó sì ń bẹ ẹni tí a ṣẹ̀.

Èdè Yorùbá kò jẹ́ kí iṣẹ́ méjì yìí dàpọ̀. Ẹni tí ó kọsẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ kò dá, "pẹ̀lẹ́" ni tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, "Ẹ kú ìrójú" ni a ó kí i, bí ó bá jẹ́ òbí rẹ̀ arúgbó ni ó sin, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Bí a bá gbọ́ ìròyìn burúkú nípa ẹni tí kò sí lọ́dọ̀ wa, a ó ní, "Ó mà ṣe o!" Ṣùgbọ́n fún ẹni tí a ṣẹ̀, "Ẹ má bínú" ni, àní "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí." Kò sí ẹni tí yóò wọ ilé ọ̀fọ̀ tí yóò bẹ opó pé kí ó forí ji òun, àfi bí òun ni ó pa ọkọ rẹ̀.

Ẹ tún wo "pẹ̀lẹ́" fúnra rẹ̀. A fi ń kí ènìyàn, a fi ń báni kẹ́dùn, a sì ń wí pé, "Fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé e." Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni "sannu" ti rí lẹ́nu àwọn Haúsá. Ìyanu sì ni pé àwọn tí ń sọ èdè Swahili ní ìlà-oòrùn Áfíríkà a máa wí "pole" fún ẹni tí nǹkan ṣe, wọn a sì wí "polepole" fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó rọra, bí èdè wọn tilẹ̀ jìnnà sí tiwa. Nígbà tí "sọ́rì" wá dé ọ̀dọ̀ wa, ìró rẹ̀ ni a gbà, ẹ̀mí "pẹ̀lẹ́" ni a fi sí i. Ìdí nìyí tí ọmọ wa ní Lọ́ńdọ́nù, bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun sì wí pé "Sorry", fi máa ń gbọ́ ìdáhùn pé kì í kúkú ṣe òun ni ó fọ́ ọ. Òyìnbó náà kò yájú. Ẹ̀bẹ̀ ni ó gbọ́, kò gbọ́ ìbákẹ́dùn.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ọkọ bú ìyàwó rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Ní alẹ́ ó wí pé "Sọ́rì", ó sì rò pé òun ti bẹ̀bẹ̀. "Pẹ̀lẹ́" ni ìyàwó gbọ́, bí ẹni pé òjò ni ó pa á lọ́nà, tí ọkọ náà sì jẹ́ èrò tí ń kọjá lọ. "Má bínú" sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ń wí: ó ń sọ fún ẹni tí a ṣẹ̀ pé kí ó má ṣe bínú, kò ì tíì sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó ṣẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi" ni ó dárúkọ onítọ̀hún. Níti àgbà tí ó na ọmọ láìnídìí, tí kò lè wí i jáde, tí ó wá pe ọmọ náà kí ó wá bá òun jẹun nínú àwo kan, èmi kò ní gàn án, nítorí ọmọ mọ ohun tí ẹran náà ń wí. Síbẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ wí i fún kì í gbàgbé.

Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ọ̀ràn ńlá pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, ọdún 1992, Bàbá Mímọ́ Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì dé erékùṣù Gorée, ní etíkun Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, sí Ilé Àwọn Ẹrú. Ó lè bá àwọn aláwọ̀ dúdú kẹ́dùn kí ó sì padà lọ. Ṣùgbọ́n ó pe òwò ẹrú ní ẹ̀ṣẹ̀, ó wí pé àwọn tí a ti ṣe ìrìbọmi fún wà lára àwọn tí ó dá a, ó sì tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ní Yaoundé ní ọdún 1985, ó ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwa ọmọ Áfíríkà fúnra wa.

Nínú àdúrà ìrònúpìwàdà tí a kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "sorry" yìí kan náà ni a ń wí sí Ọlọ́run, kò sì sí ẹni tí ń bá Ọlọ́run kẹ́dùn níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìjọ tí ó péjọ ní Trent là á yé wa ní ọdún 1551: ìbànújẹ́ ọkàn ni, pẹ̀lú ìkórìíra ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dá, àti ìpinnu láti má tún dá a mọ́. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí wọ́n fi pè é, contritio, wá láti inú lílọ nǹkan kúnná, bí a ti ń lọ ata lórí ọlọ. Ẹ rántí ọmọ onínàákúnàá inú Ìhìnrere Lúùkù. Bàbá rẹ̀ ti sáré pàdé rẹ̀, ó ti dì mọ́ ọn, ó ti fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kí ọmọ náà tó la ẹnu rárá. Síbẹ̀ ó wí i jáde pé òun ti ṣẹ̀.