Gbọ́ Ẹjọ́ Dúdú Kí O Tó Dájọ́

Ọmọ mi, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí kì í ṣe kékeré. Wọn yóò kó àgbékalẹ̀ ìparí ṣẹ́ẹ̀sì wá fún ọ, láìkọ orúkọ ẹni tó ṣe wọ́n sórí ìwé, kí o lè sọ èyí tó gba ẹ̀bùn, èyí tó yẹ fún ìyìn, àti èyí tí a óò dá padà. Àwọn kan wà nínú wọn tí Funfun máa ń borí. Àwọn mìíràn wà tí gbogbo ohun tí Funfun ń wá kò ju ọ̀mì lọ. Àwọn ọlọ́mì yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn ni adájọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń tètè fojú kéré. Níbi ìdíje, ọ̀mì ń fún èèyàn ní ààbọ̀ máàkì. Ọkàn ọ̀dọ́ á wá gbé ààbọ̀ máàkì yẹn wọ inú àgbékalẹ̀, á máa rò pé ẹni tó fi ọ̀mì parí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀hún dé ìdajì ni.

Ẹni tó ń ṣe àgbékalẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ó jókòó, ó to ọmọ ayò díẹ̀ sórí pátákó, ó ní: Funfun ló ń rìn, ẹ wá ọ̀nà. Òkùn tó fi de ara rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ọ̀mì, ìrìn kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ yọ Funfun nínú ewu ní gbogbo ibi tó bá ti ṣe pàtàkì. Gbogbo ìrìn yòókù yóò pa á. Ìdí nìyẹn tí Funfun fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó kéré sí ti Dúdú. Ẹni tí wọ́n ti fẹ́ gbé ṣubú ló ń wá bí yóò ṣe dúró.

Jẹ́ kí n fi èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1921, Richard Réti, ọmọ bíbí ìlú Pezinok tó wà ní Slovakia òde òní, tẹ àgbékalẹ̀ kan jáde tí ọmọ ayò inú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ọba Funfun wà ní ilé h8, ọmọ ogun rẹ̀ kan wà ní c6. Ọba Dúdú wà ní a6, ọmọ ogun tirẹ̀ wà ní h5. Funfun ló ń rìn, ọ̀mì ló sì ń wá. Tò ó síwájú rẹ kó o tó kà síwájú.

Ojú lásán yóò sọ fún ọ pé Funfun ti kú. Ọmọ ogun Dúdú ń sáré lọ di ayaba, ọba Funfun sì ti fi ìrìn méjì pẹ́ kó tó lè lé e bá. Ọmọ ogun Funfun náà fẹ́ di ayaba, ṣùgbọ́n ìrìn méjì ló kù kí ọba Dúdú gbé e mì, ọba Funfun sì jìnnà réré sí i. Réti ní kí ọba yìí máa rìn ní ìdábùú: láti h8 sí g7, láti g7 sí f6, láti f6 sí e5. Bó ṣe ń lé ọmọ ogun Dúdú, bẹ́ẹ̀ ló ń súnmọ́ tirẹ̀. Dúdú ti ọmọ ogun rẹ̀ dé h4, ó sì gbé ọba rẹ̀ wá sí b6 láti halẹ̀ mọ́ ọmọ ogun c6. Nígbà tí ọba Funfun bá dé e5, Dúdú ní láti yan ọ̀kan nínú méjì. Bó bá jẹ ọmọ ogun c6, ọba Funfun á bọ́ sí f4, á sì lé ọmọ ogun Dúdú bá. Bó bá ti ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí h3, ọba Funfun á yà sí d6, ọmọ ogun Funfun á rìn lọ sí c7, àwọn méjèèjì á sì jọ di ayaba.

Wò ó bí yóò ṣe parí. Bóyá ọba méjì lásán ló máa kù lórí pátákó, bóyá ayaba méjì tó ń wo ara wọn. Ìparí gbígbẹ ni. Ẹni tó bá ń fi ojú ìparí nìkan wọn iṣẹ́ yóò fún èyí ní òdo. Ohun tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá ni ilé e5 yẹn, níbi tí ọba kan ti dúró sórí ọ̀nà méjì tó lọ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí Dúdú kò sì lè dí èkíní kó má ṣí èkejì. Mo máa ń fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ yìí han àwọn ọmọ tó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní Májídùn àti Makoko, níbi tí Tunde Onakoya àti Chess in Slums Africa ti ń ṣiṣẹ́, torí ọmọ tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní yára fi ọwọ́ sílẹ̀ mọ́ nígbà tí ayò bá le fún un.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lórí àgbékalẹ̀ ọlọ́mì, ìwà òṣìkà yìí rọrùn láti hù, torí ojútùú tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kọ ránṣẹ́, ẹjọ́ Funfun ni. Òun ló sọ ìrìn tó dára, òun ló fi àmì ìyanu sí i. Ìwọ ni kó o lọ jókòó sẹ́yìn Dúdú. Kí ni Dúdú fẹ́? Báwo ni ìborí tó ń wá ṣe súnmọ́ tó? Ṣé ìrìn tó dára jù ni wọ́n fún un, àbí wọ́n sọ ọ́ di òmùgọ̀ kí Funfun lè rí ọ̀nà àbáyọ? Bí Dúdú kò bá fi gbogbo agbára jà, ọ̀mì Funfun kò ní iye. Bí ó bá fi gbogbo agbára jà, tó gbìyànjú ọ̀nà méjì tó dọ́gba, tí Funfun sì rí ìdáhùn tó yàtọ̀ síra fún méjèèjì, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kó o yà sí apá kan kó o tún padà wò ó. Mo ka èyí sí pàtàkì ju gbogbo ohun mìíràn tí mo máa sọ lọ.

Ṣùgbọ́n kó o tó wọn ẹwà, rí i dájú pé ọ̀mì ni. Ní 1895, Georges Barbier, tó ń kọ ojú ewé ṣẹ́ẹ̀sì nínú ìwé ìròyìn Glasgow Weekly Citizen, gbé ipò kan jáde pé ọ̀mì ni. Ohun tó rí dára gan-an: ọba Dúdú wà ní igun a1, ọba Funfun wà ní c2, ọmọ ogun Funfun fẹ́ di ayaba ní c8, Dúdú sì gbé rúùkù rẹ̀ sí d4. Bí ọmọ ogun bá di ayaba, rúùkù á bọ́ sí c4 láti fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì, ayaba á ní láti jẹ ẹ́, ọba Dúdú kò ní sí nínú ewu ṣùgbọ́n kò ní ní ibi tí yóò rìn sí. Ìyẹn ni stalemate, ọ̀mì sì ni. Àlùfáà Kátólíìkì kan ń gbé ní Glasgow nígbà náà, Fernando Saavedra, ọmọ Sípéènì. Ó ní kí ọmọ ogun náà má di ayaba, kó di rúùkù. Stalemate pòórá. Rúùkù tuntun yìí ń halẹ̀ láti lọ sí a8 fi pa ọba, Dúdú á gbé tirẹ̀ sí a4 láti dí i, ọba Funfun á wá sí b3, ó parí. Ohun tí wọ́n pè ní ọ̀mì ti di ìborí, orúkọ Saavedra ló sì wà lára ipò náà títí dòní. Nígbàkigbà tó o bá rí ọmọ ogun tó fẹ́ di ayaba nínú iṣẹ́ ọlọ́mì, bi ara rẹ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá di rúùkù, bó bá di ẹṣin, bó bá di bíṣọ́ọ̀bù.

Ohun mìíràn tó ti pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni gbólóhùn pé “ọ̀mì ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀.” Ní 1851, Josef Kling àti Bernhard Horwitz fi ipò kan hàn tí ẹṣin kan ti lè dúró gbọnyin níwájú bíṣọ́ọ̀bù méjì. Fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n gbà pé ọ̀mì ni bíṣọ́ọ̀bù méjì sí ẹṣin kan. Ní 1983, kọ̀ǹpútà Ken Thompson yẹ gbogbo ipò náà wò, ó sì hàn pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló sábà ń borí, bó tilẹ̀ lè gba ìrìn 66 nígbà mìíràn. Àwọn àgbékalẹ̀ tó ti fi ọkàn tán ìgbàgbọ́ àtijọ́ yẹn wó lulẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé òfin àádọ́ta ìrìn yóò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ là. Òfin yẹn kò ṣiṣẹ́ lórí àgbékalẹ̀ àfi bí wọ́n bá dìídì sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, lo kọ̀ǹpútà. Láti 2012 ni àwọn ará Yunifásítì Ìjọba ní Moscow ti parí àkójọ tó mọ òtítọ́ gbogbo ipò tí ọmọ ayò inú rẹ̀ kò ju méje lọ, ọba méjèèjì wà lára wọn. Àgbà tó bá kọ̀ ọ́ nítorí ìgbéraga ń fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ṣeré. Àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ yóò sọ fún ọ kò ju “ọ̀mì” lọ. Kò ní sọ ìdí. Bí o bá wo ipò tó kẹ́yìn, tí o kò sì lè fi ẹnu ara rẹ ṣàlàyé ohun tó ń dí Dúdú lọ́wọ́, òǹkàwé náà kò ní lè ṣe é. Mo ti rí iṣẹ́ tí ojútùú rẹ̀ gùn, tí gbogbo ìrìn inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo bí òfin ṣe wí, tí kò sì sí ohunkóhun tí ọkàn èèyàn lè dì mú nínú rẹ̀. Mi ò ní fún un ní ẹ̀bùn.

Ní ti bí ọ̀mì ṣe ń wá, èrò tèmi rèé. Stalemate máa ń dùn mọ́ ojú, ṣùgbọ́n wo ibi tí àwọn ọmọ ayò tó há ọba mọ́ ti wá. Bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kàn dúró bí òpó, iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Bí ọba bá rìn lójú wa wọ inú àgọ́ tí kò sí nígbà tí ayò bẹ̀rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lópin rọrùn jù, àfi bó bá ní ohun àrà kan nínú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀mì ipò, níbi tí Dúdú ti ní agbára púpọ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀, tí Funfun sì ń dá a lóhùn ní ìrìn kan ṣoṣo nígbà kọ̀ọ̀kan, tí ipò kan náà ń padà wá. Tàbí odi agbára, níbi tí Funfun ti ti ìlẹ̀kùn, tí ayaba Dúdú pàápàá kò rí ibi gbà wọlé. Nínú irú èyí, béèrè ìdánwò èké: ìrìn mìíràn tó jọ ti òótọ́, tó sì kùnà nítorí ilé kan ṣoṣo. Bí ìdánwò bẹ́ẹ̀ bá wà, òtítọ́ á túbọ̀ tàn.

Má fi ìwé òfin lu èèyàn pa. Nínú iṣẹ́ Réti tí mo sọ, bí Dúdú kò bá gbé ọba rẹ̀ wá sí b6, tó yára ti ọmọ ogun sí h3, ọba Funfun lè lọ sí e6, ó sì lè lọ sí e7. Méjèèjì á gba ọ̀mì. Adájọ́ tó ń kánjú á ní ọ̀nà ti di méjì, kí wọ́n gbé e jù nù. Ẹ̀ka kékeré nìyẹn. Ọ̀nà àárín kò fọ́.

Wá wo àkójọ Harold van der Heijden ọmọ Netherlands, tó ní àgbékalẹ̀ tó lé ní 90,000 nínú, kó o lè mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Bó bá jọ ti àtijọ́, sọ ohun tó fi kún un, tàbí sọ pé kò fi nǹkan kan kún un. Kí o sì kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní 1942, nígbà tí ogun dótì Leningrad, àwọn ọ̀gá méjì tí iṣẹ́ yìí kò lè gbàgbé, Alexey Troitzky àti Leonid Kubbel, kú nínú ìlú tí ebi ń pa. Iṣẹ́ tí ẹnì kan lo oṣù tàbí ọdún lé lórí ló wà lórí ìwé aláìlórúkọ níwájú rẹ yẹn. Má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé e dànù, kọ ìdí.

Lẹ́yìn tí o bá ti kéde èsì, wọn yóò fi àyè sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ẹni tó bá rí àbùkù lè sọ ọ́. Dáhùn gbogbo wọn. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ lọ́jọ́ iwájú fún FIDE Album, ìwé tí wọ́n ń kó àgbékalẹ̀ tó dára jù sí, ẹ óò jẹ́ adájọ́ mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fún iṣẹ́ ní máàkì láti 0 dé 4, iṣẹ́ tí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó 8 ló ń wọ inú ìwé. Fún ọlọ́mì ní 4 bó bá tọ́ sí 4. Bí àwọn méjì yòókù bá fún un ní 2, má ṣe jẹ́ kí ojú tì ọ́. Kọ ohun tó o rí ní ẹ̀yìn Dúdú sílẹ̀ fún wọn, ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí àwọn náà lè tò ó sórí pátákó.