Ìṣirò Ìgbì fún Ìdánwò Rédíò Amateur

Kí èèyàn tó lè fi rédíò amateur sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCC. 5N ni àmì ìpè ti orílẹ̀-èdè wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra walkie-talkie ní Alábà, ẹ ṣì máa gbọ́ ọ lásán ná o! Títẹ bọ́tìnnì sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ lòfin kà á sí.

Gígùn ìgbì ló máa ń dẹ́rù bani jù nínú irú ìdánwò yìí, bẹ́ẹ̀ fíṣíìsì tiwa náà ni. Ìgbì rédíò ń sáré tó nǹkan bíi 300,000,000 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Torí náà, ẹ fi iye megahertz pín 300, mítà ló máa jáde.

Ẹ wo LASU Radio tó wà ní Ọ̀jọ́ níbí, 95.7: 300 ÷ 95.7 = mítà 3.13. Ní 145 megahertz, mítà 2.07 ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní “mítà méjì”. Eriali dipole máa ń tó ìdajì ìgbì, ìyẹn bíi mítà kan. Ó gba ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ní 7.1 megahertz, ìdajì yẹn tó mítà 21! Àgbàlá wo ló fẹ́ gbà á ní Ìbà?

Ẹ ṣe ti Bond FM, 92.9. Ìdáhùn: mítà 3.23.