Mángòrò Alẹ́ àti Ibà: Ìka Wo Ni Ó Ṣẹ̀?

Nígbà tí àkókò mángòrò bá dé, àwọn ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín kì í ti oko tàbí ilé-ìwé bọ̀ ní ọwọ́ òfo. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ìyá àgbà a máa ké sí wọn pé: “Ẹ fi mángòrò yẹn sílẹ̀ o! Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lálẹ́, ibà ni yóò bá a jí.” Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Kò yẹ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àwọn tí ó sọ ọ́ rí ohun kan. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Ohun tí àwọn àgbà rí

Èkínní, wọ́n rí àkókò. Láti oṣù Máàṣì títí di Júùnù ni mángòrò máa ń pọ̀ ní agbègbè Àkúrẹ́, ìgbà náà sì ni òjò ń bẹ̀rẹ̀. Omi a dúró sínú kòtò àti ipa táyà ọkọ̀. Yànmùyánmú a yé ẹyin sí i. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin náà a ti di yànmùyánmú tí ń fò.

Èkejì, wọ́n rí wákàtí. Yànmùyánmú tí ń gbé ibà kiri kì í sábà jẹni lọ́sàn-án. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá jókòó síta lálẹ́, bí ó ti ń jẹ mángòrò ni yànmùyánmú ń jẹ òun náà.

Ohun tí wọn kò lè rí

Ibà kì í mú ènìyàn ní ọjọ́ tí a jẹ ẹ́. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ 10 sí 15 kí ara tó gbóná. Ta ni yóò wá rántí yànmùyánmú? Mángòrò àná ni gbogbo ilé yóò rántí.

Ní ọdún 1880, Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Algeria. Ní 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn yànmùyánmú ní Íńdíà. Kò sí ẹni tí ó rí i nínú mángòrò, ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ, ìbáà jẹ́ lọ́sàn-án tàbí lóru.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Bí a bá di ẹ̀bi ru èso, a ó gba mángòrò lọ́wọ́ ọmọ, a ó sì jẹ́ kí ó sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2021, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ènìyàn 100 tí ibà pa ní gbogbo ayé, nǹkan bí 31 ni ó kú ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń pa.

Síbẹ̀, èso òru ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Èso tí a gbé kalẹ̀ láìdé, eku lè tọ̀ sí i, kí ó sì ti ibẹ̀ kó ibà Lassa ran ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, wà lára ibi tí àìsàn yìí ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù. Oògùn ibà lásán kò ràn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí:

1. Ẹ fọ èso kí ẹ tó jẹ ẹ́; ẹ bo èyí tí ó kù, kí ẹ sì da èyí tí eku bá ti fẹnu kàn nù.

2. Ẹ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì tí a fi oògùn sí, kí ẹ sì dí kòtò omi àyíká ilé.

3. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wákàtí 24 tó kọjá. Bí ara kò bá sì tutù lẹ́yìn oògùn, ẹ tètè padà sí ilé-ìwòsàn.

Ẹni tí dókítà bá kìlọ̀ ohun dídùn fún nítorí àtọ̀gbẹ, kí ó pa ìkìlọ̀ náà mọ́ tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ibà dẹ́rù ba ọmọ nídìí mángòrò mọ́. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.