Ẹ Fi Téèpù Wọn Pálọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Sanwó Sítáàǹdì

ÌBÉÈRÈ

Ilé àyágbé ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Gàá Àkànbí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 55 láti fi rọ́pò ti ínǹṣì 32 tí a ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n sítáàǹdì àtijọ́ kò gbà á. Ọkọ mi ní ká gbé e kọ́ ara ògiri. Ẹni tó tà á fún wa ní ká ra sítáàǹdì onígíláàsì. Káfíńtà kan ní Sawmill sọ pé òun lè fi MDF ṣe èyí tó máa rẹwà ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Pálọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa kì í sì í jókòó sórí àga. Orí ẹní ló ti máa ń gbọ́ wáàsí. Èwo ni ká ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire nǹkan tuntun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lò ó pẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ mẹ́nu kan ìyá àti àwọn ọmọ. Àwọ̀ àti owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń jókòó ní pálọ̀ ló yẹ kó pinnu irú sítáàǹdì tó máa wọ ibẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣe é, kó gùn, kó rẹlẹ̀, kó ní ẹsẹ̀ tó gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ínǹṣì 55 tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ìbú tẹlifíṣọ̀n. Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ìbú ti yín á tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 123, nígbà tí ti ínǹṣì 32 kò ju nǹkan bíi 72 lọ. Abájọ tí sítáàǹdì àtijọ́ kò fi gbà á. Àmọ́ ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó pọ̀ jù lára tẹlifíṣọ̀n òde òní, ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì jìnnà síra wọn gan-an. Bí sítáàǹdì bá kúrú, ẹsẹ̀ kan á máa dúró létí bèbè. Ẹ fi téèpù wọn ẹsẹ̀ kan dé èkejì, láti ìta dé ìta. Ẹ wọn bí ẹsẹ̀ náà ṣe gùn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún káfíńtà. Fún tẹlifíṣọ̀n yín, sítáàǹdì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 150, tó sì fẹ̀ tó 40 síwájú sẹ́yìn, á tó, ààyè á sì tún ṣẹ́ kù.

Gíga rẹ̀ ni ìyá máa jàǹfààní rẹ̀ jù. Ojú ẹni tó jókòó sórí àga máa ń ga tó nǹkan bíi mítà kan sí ilẹ̀. Ojú ẹni tó wà lórí ẹní kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ. Àárín gbùngbùn tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kó bá ojú ṣe déédéé. Lára tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 55, àárín yẹn á fi nǹkan bíi 40 ga ju orí sítáàǹdì lọ. Tí sítáàǹdì bá ga tó 45, àárín á wà ní nǹkan bíi 85. Ẹni orí àga á rẹ ojú sílẹ̀ díẹ̀, ìyá á gbé ojú sókè díẹ̀, ọrùn kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ṣe é ga tó 75, bí ọ̀pọ̀ sítáàǹdì àtijọ́ ṣe rí, ìyá á máa wòkè títí wáàsí á fi parí.

Ti ààyè kò ṣòro. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.6. Tí ẹ bá yọ ààyè àga àti ti sítáàǹdì kúrò, á ku nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀ láàárín ojú yín àti tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn bá ínǹṣì 55 mu dáadáa. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹní ìyá sún mọ́ ìdí àga, kó má sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti èrò bàbá ìbejì, kò sí àbùkù nínú gbígbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri fún onílé tó mọ ohun tó wà nínú ògiri rẹ̀. Ayálégbé ni yín. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa. Tí ẹ bá lu ògiri bọ́ sínú ihò búlọ́ọ̀kù, díẹ̀ ni síkúrú máa rí dì mú. Ògiri amọ̀ tó wà ní àwọn agboolé àtijọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé e kọ́ tún máa ń gbé e ga jù, tí gbogbo ilé á fi máa wo òkè àjà. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ bá kọ́lé tiyín, láṣẹ Ọlọ́run.

Gíláàsì ń dán, ó sì rọrùn láti nù. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ ọlọ́dún méjì méjì bá ti ń sáré, mi ò ní fọwọ́ sí i. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ ó tún máa nù ú láàárọ̀ lálẹ́ nítorí eruku.

Ó wá ku MDF àti pákó. MDF kò burú. Fọ́nrán igi tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ mọ́ra. Ó máa ń tẹ́jú, ó ń gba ọ̀dà dáadáa, ọyẹ́ kì í sì í là á. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń fọ ilẹ̀ onítáìsì: a ó da omi ọlọ́ṣẹ sílẹ̀, a ó fi ìgbálẹ̀ gbá a síta. Tí ìsàlẹ̀ MDF bá kan ilẹ̀, á mumi bíi búrẹ́dì inú tíì, á wú, á sì máa ṣí. Kò ní padà sípò mọ́. Nítorí náà, ẹ ní kí káfíńtà fi ẹsẹ̀ irin tàbí ti igi líle gbé e sókè tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹsẹ̀ yìí wà lára gíga 45 tí mo sọ. Kó lo bọ́ọ̀dù tó nípọn tó mílímítà 18. Kó sì fi pákó ìdúró sí abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n méjèèjì máa tẹ̀, kí orí rẹ̀ má baà rọ̀ sílẹ̀ láàárín bí ọdún bá ń gorí ọdún. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé bọ́ọ̀dù láìbò ó ni omi ń gbà wọlé.

Tí agbára bá gbé pákó, ìrókò tàbí apá ni kí ẹ bèèrè. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kíá ni ikán ń rí i. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ igi nìkan tàn yín. Ẹ wo ojú pákó: àárín igi ìrókò ló pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òun ni ikán ń sá fún. Apá funfun tó wà ní ẹ̀gbẹ́, tó sún mọ́ èèpo, kò yàtọ̀ sí oúnjẹ ikán, bó tilẹ̀ jẹ́ ìrókò. Pákó gbọ́dọ̀ gbẹ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n bá fi tútù kàn lásìkò òjò, tí ọyẹ́ Ìlọrin bá dé, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á máa yanu, ilẹ̀kùn rẹ̀ á wọ́. Pákó tó ṣì tutù máa ń wúwo lọ́wọ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn sítáàǹdì kò gbọ́dọ̀ dí pátápátá. Dìkódà àti stabilizer máa ń gbóná, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ihò sí ẹ̀yìn fún wáyà, kí sítáàǹdì sì fi ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí ògiri. Stabilizer tó wúwo, pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni kó wà. Ẹ so extension mọ́ ẹ̀yìn sítáàǹdì, kó má wà nílẹ̀ níbi tí omi ìfọlẹ̀ ti lè bá a.

Ti àwọn ìbejì ni mo fi kádìí rẹ̀, torí òun ló ká mi lára jù. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 31 October 1959, àpótí ńlá ni tẹlifíṣọ̀n, ìdí rẹ̀ fẹ̀. Ti ìsinsìnyí tẹ́ẹ́rẹ́; bí ọmọ bá fà á díẹ̀, iwájú ló ń ṣubú sí. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọjà bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Anchor It! ní 2015 nítorí àwọn ọmọdé tí tẹlifíṣọ̀n àti àga ilé ń wó lù. Lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n yín, ihò mẹ́rin wà tí wọ́n ṣe fún ìkọ́ ògiri. Kí káfíńtà fi bẹ́líìtì líle àti síkúrú so méjì nínú wọn mọ́ ẹ̀yìn sítáàǹdì. Lẹ́yìn náà, kó fi irin onígun méjì kan sítáàǹdì fúnra rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Ihò kéékèèké bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ. Ẹ kàn sọ fún láńlọ́ọ̀dù ṣáájú. Ẹ má ṣe dúrọ́ọ̀ sí sítáàǹdì náà, torí àtẹ̀gùn ni ọmọ máa fi í ṣe. Ẹ má sì gbé rìmóòtù tàbí nǹkan ìṣeré sórí rẹ̀.

Bí káfíńtà bá ní òun ti parí, ẹ gbá iwájú tẹlifíṣọ̀n mú lókè, kí ẹ rọra fà á síwájú níṣojú rẹ̀. Tó bá mì, iṣẹ́ kò tíì parí nìyẹn. Ẹ má san owó tó kù títí yóò fi dúró gbagidi.